Kọ́kọ́rọ́ Kan Ṣoṣo Nínú Ilé Iná Orí Òkun

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nígbà tí mo dé Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi, mo sì ti ra kóòtù. Iná ni. Iná ò lọ. Mo dé lọ́jọ́ Sátidé, ó ń tàn. Ó di ọjọ́ Àìkú, ó ṣì ń tàn. Ọ̀sẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Síbẹ̀, bí mo bá ti wọlé báyìí, ṣe ni màá sáré ki fóònù bọ iná kí wọ́n tó mú iná lọ. Ta ló fẹ́ mú un lọ? Ọmọbìnrin ará Poland tí a jọ ń gbé ilé náà bi mí pé ṣé bátìrì fóònù mi ti bàjẹ́ ni. Mo ní rárá o, Ọ̀fà ni mo ti wá.

Iṣẹ́ iná náà ló sì gbé mi débẹ̀. Ẹ ó ti rí àwọn fáànù gàgàrà tí wọ́n ń rì mọ́ inú òkun lóde òní, tí atẹ́gùn ń yí, tí wọ́n fi ń pèsè iná. Gbogbo iná tí fáànù wọ̀nyẹn bá pèsè máa kọ́kọ́ pàdé nínú ilé irin kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ láàárín agbami. Inú ilé yẹn ni transífọ́mà ńláńlá wà, òun ló máa fún iná náà lágbára kí wáyà abẹ́ òkun tó gbé e wá sórí ilẹ̀. Ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló máa ń ya àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀: ibi tí transífọ́mà máa jókòó sí, ògiri tí kò gbọdọ̀ jó, ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá lọ sídìí ọkọ̀ tí nǹkan bá gbiná. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọkọ̀ lọ tún nǹkan ṣe, wọn á sì padà. Ṣùgbọ́n tí aburú bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, kò sí aládùúgbò tó máa gbọ́ igbe wọn.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n ń dán mi wò ni. Tí ọ̀gá bá ní mo yege, mo dúró. Tí ó bá ní mi ò yege, iṣẹ́ bọ́, físà bọ́, ó di Ọ̀fà. Ohun tí mo fi ń jí nìyẹn, òun náà ni mo fi ń sùn.

Bàbá mi ò tilẹ̀ fẹ́ kí n sún mọ́ iná rárá. Òṣìṣẹ́ mànàmáná ni Alhaji kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń gun òpó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gun òpó lójú ọ̀nà Ìjàgbó. Wọ́n ti pa iná láti orísun, ojú wọn ni wọ́n ṣe pa á. Ẹnì kan nínú ilé kan ní àdúgbò yẹn wá tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kò sì yí ṣéénjì-ọ́fà, ìyẹn suwíìsì tó máa ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà ìta. Iná kékeré ilé yẹn bá gba inú transífọ́mà àdúgbò padà sórí òpó, ó sì di iná ńlá kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi.

Wọn ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn ò di nǹkan mú dáadáa mọ́ títí dòní, ìyá mi ló ń bá wọn de bọ́tìnnì. Ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wá dọ̀bálẹ̀ nílé wa, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní òun mọ̀ pé ó yẹ kí òun yí i, òun kàn gbàgbé ni.

Nígbà tí mo wá sọ pé iṣẹ́ iná ni mo fẹ́ kà ní pólì, bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ń bẹ láyé yìí!" Gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n sọ nìyẹn. Kódà lẹ́yìn tí mo dé Scotland, tí àwọn èèyàn bá bi wọ́n ní mọ́ṣáláṣí pé kí ni ọmọ yín ń ṣe lókè òkun, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà." Ìyá mi ló ń sọ fún mi, á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Àdáwà wá dé, ó jókòó tì mí. Ní Ọ̀fà, kí o tó rìn láti ilé dé ibi tí o ti máa wọ ọ̀kadà, o ti kí èèyàn títí ẹnu rẹ ti fẹ́ bó. Ní Aberdeen, mo pàdé ìyá àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo lọ́mọ?" Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

Tẹ́ ẹ bá ń wá omi tútù gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá máa fẹsẹ̀ tẹ ilé orí òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń yọ ara rẹ̀ nínú omi. Èmi ọmọ Ọ̀fà, tó jẹ́ pé omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo mọ̀! Wọ́n kó wa sínú àpótí irin kan tó dà bí inú ọkọ̀ òfuurufú kékeré, wọ́n fi bẹ́líìtì dè wá mọ́ àga, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú adágún omi ńlá, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ní kí a jáde. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ya ẹnu kí n pe Ọlọ́run, omi ló wọlé. Wọ́n fà mí jáde, mo ń húkọ́, mo ń bú ẹni tí ń bẹ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo tún wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, mo tú bẹ́líìtì fúnra mi, mo ti fèrèsé ṣí, mo yọ sókè bí agódóńgbó. Àwọn olùkọ́ ń pàtẹ́wọ́. Mo jó yí etí omi yẹn ká nínú aṣọ rọ́bà, n kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ Callum. Ọ̀kan lára àwọn tó ń lọ tún iná ṣe lórí òkun ni, ọ̀dọ́mọkùnrin onírun pupa kan báyìí. Bí ó ṣe ń jáde nínú àpótí irin náà, ó fi orí gbá ilẹ̀kùn, gbàà! Èmi tí mo wà lọ́ọ̀ọ́kán pariwo, "Pẹ̀lẹ́ o! Má bínú o!" Ẹni tó ń mójú tó ààbò sáré dé, ó yọ bírò. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Kí lo ṣe fún un?" Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí ló dé tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀? Ẹ wo ìyọnu. Mo ṣàlàyé títí pé nílé wa, tí èèyàn bá kọsẹ̀, gbogbo ẹni tó bá rí i ló máa kí i pẹ̀lẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Callum di orí mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ni Duncan. Irun rẹ̀ ti funfun, á tó ẹgbẹ́ bàbá mi. Ó ní kí n máa pe òun ní Duncan. Duncan báyìí gbalaja, ẹni tó lè bí mi? Kò lè jáde lẹ́nu mi. Ọ̀gbẹ́ni Duncan ni mò ń pè é títí ó fi fi mí sílẹ̀. Ó ṣe mí lóore gan-an. Òun ló jókòó tì mí tó fi àwọn àwòrán wọn yé mi, ìgbà tí òtútù sì dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ní kí ìyàwó òun se ọbẹ̀ gbígbóná fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìdánwò mi wà. Òun ló máa sọ pé mo dúró tàbí mo lọ.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí oṣù mẹ́fà pé. Wọ́n gbé àwòrán ilé iná tuntun kan dé, wọ́n ní kí gbogbo wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ní igun kan, mo rí sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Duncan ló fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí tó fi fi síbẹ̀ ni pé, tí wáyà abẹ́ òkun bá já, tí jẹnẹrétọ̀ ilé náà fúnra rẹ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi á gbé jẹnẹrétọ̀ mìíràn wá, wọn á kì í bọ ibẹ̀, kí àwọn tó wà níbẹ̀ má bàa wà nínú òkùnkùn. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n mo fi ìka tẹ̀ lé wáyà rẹ̀ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lọ. Ó lọ, ó lọ, ó dé ìdí transífọ́mà. Kò sí ohunkóhun tó yà wọ́n sọ́tọ̀.  Ọ̀nà Ìjàgbó ni mò ń wò lórí òkun Scotland.

Ẹ má rò pé òpònú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi o. Orí wọn pé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti kékeré wọn, apá ibì kan ṣoṣo ni iná ti ń wá bá wọn. Kò sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé rí nínú wọn. Lójú tiwọn, tí o bá ti pa iná ńlá, iná ti kú. Lójú ọmọ Ọ̀fà, ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ gan-an ni iná ń jáde láti ojúlé dé ojúlé.

Mo pe ilé. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé iṣẹ́ ọ̀gá mi ni mo fẹ́ tako, ọ̀gá kan náà tí àtilọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ní, "Má sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Lọ bá a ní kọ̀rọ̀, kúnlẹ̀, fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Duncan, iṣẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó ní, "Tó bá jẹ́ ti àwòrán ni, gbé e wá sórí tábìlì lọ́jọ́ ìpàdé. Ibẹ̀ la ti ń sọ ọ́." Wàhálà dé. Iwájú gbogbo wọn ló kù.

Mo tún pe ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ ìyá mi. Wọn kì í bi mí léèrè nípa iṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Ṣé iná lè gba ibẹ̀ padà?"

"Ó lè padà, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

 Wọ́n wá ní, "Sọ ọ́. Tí wọ́n bá torí ẹ̀ lé ọ, máa bọ̀ nílé. Ilé ò kún."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká, iṣẹ́ wa kò ju ká máa bi ara wa pé kí ló lè bàjẹ́ nínú ilé yìí. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ rí yín fín, ẹ dákun..." Ọ̀rọ̀ ò parí. Duncan wo aago, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹnì kan kú ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò tíì sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí bàbá mi kú."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mo wá sọ ọ́ fún wọn láìdábọ̀: òpó, jẹnẹrétọ̀, ọwọ́ ọ̀tún. Mo fi ìka tẹ̀ lé wáyà orí àwòrán náà lójú gbogbo wọn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní, "Ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ transífọ́mà wò."

Mo ní, "Ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ lójú ọ̀nà Ìjàgbó mọ ìlànà. Ó gbàgbé ni. Ẹni tó máa gbàgbé lórí òkun, òtútù á ti mú un dé egungun, òjò á máa lù ú lójú, ọkọ̀ á máa fun fèrè pé kó ṣe kíá. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀mí èèyàn sórí ìrántí."

Duncan bi mí pé kí wá ni ká ṣe. Mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Ara suwíìsì transífọ́mà ni kó máa wà, kó má ṣe é yọ àyàfi tí suwíìsì yẹn bá wà ní pípa. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni kó máa ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹnẹrétọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bó ti wù kí èèyàn gbàgbé tó.

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó fa àwòrán náà sọ́dọ̀, ó fi ìka tirẹ̀ tẹ̀ lé wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé ìdí transífọ́mà. "Iná lè gba ibẹ̀ padà lóòótọ́," ó ní. "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i." Ó dìde, ó jáde, kò wojú mi.

Mo ní ó ti tán. Mo ti ń ro bí màá ṣe kó ẹrù nígbà tí wọ́n ní Duncan ń pè mí. Mo wọlé. Ó ní, "Ó yẹ kí o ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

"Mo wá bá yín, sà. Ẹ ní kí n gbé e wá sórí tábìlì."

Ó rò ó wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òótọ́ ni. Ìdánwò rẹ ti parí."

 Mo ní, "Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, sà."

"Mi ò nílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn. O dúró. Wàá máa bá mi yẹ gbogbo ilé iná tí a bá yà wò látòní lọ."

Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Méjèèjì! Mo kúnlẹ̀ gbagidi sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mò ń dúpẹ́. Duncan fò dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó rò pé mo dákú ni. Ó pariwo síta, obìnrin tó ń ṣètọ́jú pàjáwìrì lọ́fíìsì wa sáré gbé àpótí oògùn dé, ó fẹ́ yẹ ojú mi wò. Àlàyé tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju ti inú ìpàdé lọ.

Wọ́n máa ń bi mí pé ilé mi wá dà báyìí, níbí ni tàbí lọ́hùn-ún? Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè yẹn máa ń bà mí nínú jẹ́. Mo máa ń rò pé kí n tó lè di ara wọn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé bí mo ṣe dàgbà: jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́yìnkùlé, abẹ́là, ariwo àwọn ọmọdé tí iná bá dé. Ìtìjú ni mo kà á sí. Àṣé òun gan-an ni mo gbé wá fún wọn tí wọn ò ní. Ọjọ́ tí mo mọ ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbẹ̀dẹ̀mukẹ ní ìlú náà. Mo ṣì ń kí ìyá orí àtẹ̀gùn. Ó ti ń dá mi lóhùn báyìí, ó tilẹ̀ bi mí léèrè àwọn òbí mi.

Wọ́n kọ́ ilé náà, wọ́n gbé e dúró lórí òkun. Mo bá wọn lọ wò ó. Mo dúró lókè rẹ̀, fáànù yí mi ká títí dé ibi tí ojú mi lè ríran mọ, èmi ọmọ ẹni tó ń gun òpó iná ní Ọ̀fà! Mo kígbe sínú atẹ́gùn, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, Callum pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ ò rí bó ṣe máa ń rí. Wáyà abẹ́ òkun ní ìṣòro, ó ní, jẹnẹrétọ̀ ilé náà sì kọ̀. Ọkọ̀ gbé òmíràn wá. Òun wà nísàlẹ̀, òun ń ṣiṣẹ́ lára transífọ́mà, ẹnìkejì òun sì wà lókè níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ ń jà, onítọ̀hún rò pé iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ti parí, ó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò ṣí. Ó wá kọ́kọ́rọ́ títí, ó bínú sọ̀ kalẹ̀ láti wá a. Ó bá a lára suwíìsì transífọ́mà. Wọ́n ti gbàgbé, wọn ò pa suwíìsì náà, ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ ò fi yọ.

"Ọwọ́ mi méjèèjì ló wà nínú rẹ̀," Callum ní. "Wọ́n ní ìwọ lo ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yẹn síbẹ̀."

 Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo pe bàbá mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.  Wọ́n wá ní, "Kí lorúkọ ọmọkùnrin náà?"

"Callum ni, Bàbá."

"Kálọ́ọ̀mù. Ṣé ó níyàwó?"

"Ó ní, wọ́n sì ti bí ọmọ kan."

"Alhamdulilahi! Alhaja! Alhaja, sáré wá gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ṣe!"

Ní ọjọ́ Jímọ̀, bàbá mi ṣe sàráà. Ìyá mi dín àkàrà, wọ́n pe àwọn ọmọ kéwú àti gbogbo aládùúgbò. Nígbà tí Ààfáà bèèrè ohun tí àdúrà náà dá lé, bàbá mi dìde láàárín èrò. Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn tó wà lókè òkun, ẹnjiníà iná ni, ó ń ya àwòrán ilé iná tí wọ́n ń kọ́ sórí òkun, ó sì ti gba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ iná. Ìyá mi ló gbà á sílẹ̀ lórí fóònù tó fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ.

Mo gbé e lọ bá Callum ní ilé oúnjẹ kan létí èbúté. Ó gbé fóònù sétí, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ Ààfáà tó ń pe orúkọ rẹ̀, Kálọ́ọ̀mù, pé Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, á jẹ́ kó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tọ́ ọmọ rẹ̀, tí gbogbo èrò sì ń dáhùn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn ará àdúgbò wa ní Ọ̀fà."

"Wọn ò mọ̀ mí rárá."

"Wọ́n ti wá mọ̀ ọ́."

Ó bi mí ohun tí wọ́n ń pariwo tẹ̀ lé orúkọ òun. Mo ní àmín ni. Ó ní kí n tún gbé e sí i. Nígbà tí Ààfáà dé orí orúkọ rẹ̀, Callum bá wọn dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé gbogbo àwọn tó ń jẹun yíjú wò wá: "Àmín!"